Ṣé Ohun Tí Wọ́n Ní Àwọn Ń Wọ̀n Ni Wọ́n Wọ̀n Lóòótọ́? Ọ̀rọ̀ Validity Nínú Ìwádìí Saikọ́lọ́jì

Ká ní ẹ lọ ra gàárì lọ́jà. Ìyá tó ń tà á fi kọ́ńgò rẹ̀ wọ̀n ọ́n fún yín lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì rí bákan náà, kò lé, kò dín. Ṣé ẹ ti wá gba kọ́ńgò mẹ́wàá tó pé nìyẹn? Ẹ dúró ná. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi òòlù lu ìdí kọ́ńgò yẹn wọnú láti ọjọ́ tó ti dọ́jà. Kọ́ńgò náà kì í yí ohùn padà o, àmọ́ irọ́ kan náà ló ń pa láti àárọ̀ dalẹ́.

Nínú saikọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ tó ń wádìí bí ẹ̀dá ṣe ń ronú àti bó ṣe ń hùwà, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún ohun méjì tí kọ́ńgò yìí fi hàn wá. Kí òṣùwọ̀n máa sọ ohun kan náà nígbà gbogbo, reliability nìyẹn. Kí ohun tó ń sọ jẹ́ òótọ́ nípa ohun tá a fẹ́ mọ̀ gan-an, validity nìyẹn. Òṣùwọ̀n lè ní ti àkọ́kọ́ kó má ní ti ìkejì rárá. Ohun tó sì ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ti àkọ́kọ́ rọrùn láti fi hàn: ẹ ṣáà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó bára mu. Ti ìkejì ló ń gba làálàá.

Gàárì tiẹ̀ sàn. Tẹ́ ẹ bá fura sí kọ́ńgò kan, ẹ lè yá ti aládùúgbò, kẹ́ ẹ da gàárì náà sí i. Ṣùgbọ́n ta ló rí ìrántí rí? Ta ló fọwọ́ kan làákàyè, tàbí ìbànújẹ́, tàbí sùúrù? Ohun tí olùwádìí lè ṣe kò ju kó béèrè ìbéèrè, kó fún èèyàn níṣẹ́ ṣe, kó ka iye tó gbà, kó wá sọ pé iye yìí dúró fún ohun tí ojú ò lè rí yẹn. Inú ọ̀rọ̀ "dúró fún" yẹn ni gbogbo wàhálà wà. Ní 1955, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Lee Cronbach àti Paul Meehl, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ saikọ́lọ́jì ṣì ń kà títí dòní. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò sí ẹ̀rí kan ṣoṣo tó lè fìdí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Ó dà bí ẹjọ́: ẹ máa kó ẹlẹ́rìí jọ, ẹ máa wò ó bóyá ọ̀rọ̀ wọn bára mu, bóyá òṣùwọ̀n náà ń bá àwọn nǹkan tó yẹ kó bá rìn rìn, tí kò sì bá àwọn tí kò yẹ rìn. Construct validity ni wọ́n pè é.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi sọ́kàn. Validity kì í ṣe ohun ìní ìwé ìbéèrè. Ìtumọ̀ tí a fún máàkì ló ni ín. Ìwé ìbéèrè kan náà lè sọ òótọ́ nípa àwọn èèyàn kan, kó sì pa irọ́ gbuu nípa àwọn mìíràn. Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ lórí èyí kò jìnnà sí wa rárá. Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀.

Màmá àgbà àti máàkì 30

Ní 1975, Marshal Folstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìdánwò kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Mini-Mental State Examination. MMSE ni ìkékúrú rẹ̀. Kì í pẹ́ ṣe, máàkì 30 ló sì wà níbẹ̀. Àwọn dókítà káàkiri ayé ń fi í wò bóyá iyè arúgbó kan ti ń ra, ìyẹn àìsàn tí wọ́n ń pè ní dementia. Ẹni tó bá gba 23 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Ẹ jẹ́ ká fi màmá kan jókòó síwájú ìdánwò yìí. Ẹni ọdún 75 ni, Ìbàdàn ló ń gbé, kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Aṣọ òkè ló ń tà. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó mọ iye tó kù lọ́wọ́ onítọ̀hún, ó tún mọ orúkọ ìyá ẹ̀ àti àdúgbò tí wọ́n ti wá. Iyè ẹ̀ pé pérépéré.

Wọ́n gbé ìwé síwájú ẹ̀ pé kó ka ohun tó wà níbẹ̀, kó sì ṣe é. Kò lè kà á: máàkì kan lọ. Wọ́n ní kó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀: máàkì kan tún lọ. Wọ́n fi àwòrán onígun márùn-ún méjì tó wọnú ara wọn hàn án pé kó yà á bó ṣe rí. Kò di bíróò mú rí láyé ẹ̀: máàkì kan tún lọ. Wọ́n wá ní kó pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ WORLD sẹ́yìn, láti orí D títí dé orí W: máàkì márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mẹ́jọ ti lọ. Tó bá wá gba gbogbo ìyókù láìṣi ọ̀kan ṣoṣo, 22 ló máa ní. Ó ti bọ́ sábẹ́ ilà, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbàgbé nǹkan kan! Àwọn dókítà kan máa ń lo yíyọ 7 kúrò nínú 100 léraléra dípò WORLD, ìyẹn sì lè sàn díẹ̀ fún oníṣòwò, àmọ́ kò tán ìṣòro yòókù. Ẹ wo ìbéèrè tó ní kó sọ ìgbà tá a wà nínú ọdún. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ní lọ́hùn-ún. Níbí, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn la mọ̀, ẹni tó bá sì dá ọyẹ́ yà sọ́tọ̀ kò jẹ̀bi. Èwo wá ni ìdáhùn tó tọ̀nà ní ìparí oṣù kẹwàá? Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni gbólóhùn tí wọ́n máa ń ní kí èèyàn tún pè lẹ́yìn wọn: No ifs, ands, or buts. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú rẹ̀ máa ń dí ẹnu ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ní ìṣòro lórí èdè. Ẹ wá túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá: "Kò sí bí, kò sí àti, kò sí ṣùgbọ́n." Kí nìyẹn? Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ mú un ti sọnù sójú ọ̀nà.

Ó dáa, kí ni ìdánwò náà wọ̀n lára màmá yìí? Ilé ìwé ló wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá sì fún un ní ìdánwò yìí kan náà lóṣù tó ń bọ̀, 22 náà ló ṣeé ṣe kó tún gbà. Reliability ẹ̀ pé. Kọ́ńgò tí wọ́n lu ìdí ẹ̀ wọnú ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni o. Àṣìṣe yìí lápá méjì, apá méjèèjì ló ń dunni. Tí wọ́n bá sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ le ti ń ṣarán, àwọn ọmọ lè gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀, kí wọ́n má fowó sọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, kó wá máa jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Tí òṣùwọ̀n kò bá sì rí ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra lóòótọ́, wọ́n á ní ọjọ́ orí ni, kò sẹ́ni tó máa tọ́jú ẹ̀. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ orúkọ tí wọ́n máa ń fún ìyá arúgbó tó bá ń rìn kiri lóru, tó ń sọ ohun tí kò lórí tí kò nídìí. Wọ́n á pè é lájẹ̀ẹ́. Àìsàn ló ń ṣe é.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Ìdìkàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ láti fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá tó ń gbé ní Ìdìkàn, n'Ìbàdàn, wé àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní ìlú Indianapolis. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀ ni Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti Oye Gureje láti ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti Kathleen Hall láti ọ̀hún. Ìbéèrè wọn ni pé: ṣé dementia pọ̀ bákan náà láàárín àwọn èèyàn tí ìran wọn jọ ti Áfíríkà wá, ṣùgbọ́n tí ibi tí wọ́n ń gbé yàtọ̀ síra?

Kí wọ́n tó lè dáhùn, wọ́n nílò òṣùwọ̀n tí kò ní máa wọn ilé ìwé. Hall àti Hendrie ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ láàárín àwọn Cree, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Manitoba, Kánádà, tí ìṣòro àìmọ̀wé àti èdè wà láàárín àwọn àgbà tiwọn náà. Orúkọ tí wọ́n fún òṣùwọ̀n náà ni Community Screening Interview for Dementia, CSI-D ní ìkékúrú. Apá méjì ló ní.

Apá kìíní jẹ́ ìbéèrè fún àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀, kò sì sí ìwé kíkà tàbí kíkọ níbẹ̀. Wọ́n lè nawọ́ sí ìgúnpá kí wọ́n béèrè orúkọ ẹ̀, tàbí kí wọ́n béèrè ohun tí èèyàn ń fi òòlù ṣe. Wọ́n á ní kó ka orúkọ ẹranko tó bá mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìyá tó dàgbà sóko lè ka ẹranko ju ọmọ yunifásítì lọ.

Ti ìtumọ̀ èdè, wọn ò kàn fún ẹnì kan ní ìwé pé kó túmọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e wá sí Yorùbá, ẹlòmíì á tún gbé Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ pé ó rí ti àkọ́kọ́. Ibi tí méjèèjì ò bá ti bára mu, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣì lọ́nà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tún un ṣe. Ọgbọ́n yìí rọrùn débi pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè máa lò ó, àmọ́ ẹ máa yà lẹ́nu bí àwọn tí kì í lò ó ṣe pọ̀ tó.

Apá kejì ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á lọ bá ẹnì kan nínú ẹbí, ọmọ tàbí ìyàwó ilé, wọ́n á béèrè bóyá àgbàlagbà náà ti yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: ṣé ó máa ń gbàgbé ibi tó kó nǹkan sí? Ṣé ó máa ń ṣi ọ̀nà? Ṣé ó ṣì lè wọṣọ fúnra ẹ̀? Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹlòmíì ni wọ́n fi ń wé e. Ara rẹ̀ àná ni wọ́n fi wé ara rẹ̀ òní. Ẹni tí kò kàwé kò pàdánù nǹkan kan nínú irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀.

Kódà ibẹ̀ náà, ọ̀fìn wà. Ká ní ẹ béèrè pé, "Ṣé màmá ṣì ń dáná?" Ní Indianapolis, tí obìnrin tó ń dá gbé bá ṣíwọ́ oúnjẹ sísè, ó lè jẹ́ àmì pé nǹkan ti ń bàjẹ́. Ní agbo ilé n'Ìbàdàn, màmá ò dáná mọ́ nítorí pé ìyàwó ilé wà, ọmọ ọmọ wà. Kí ló fẹ́ wá ṣe nídìí ààrò? Ìdáhùn kan náà, "rárá," jẹ́ àìsàn níbì kan, ó jẹ́ ọ̀wọ̀ níbòmíì. Ẹ tún fi kún un pé ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́ kì í yára sọ fún àlejò pé orí ìyá òun ti ń dàrú. Ẹni tó bá ń béèrè gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹbí sọ̀rọ̀, kí ìdáhùn tó lè nítumọ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè, àwọn dókítà á wá yẹ àwọn èèyàn wò fínnífínní. Kì í ṣe àwọn tí máàkì wọn kéré nìkan o. Wọ́n tún mú díẹ̀ lára àwọn tó ṣe dáadáa. Kí nìdí? Tẹ́ ẹ bá fi asẹ́ sẹ ògì, tẹ́ ẹ sì ń wo èérí tó kù lórí asẹ́ nìkan, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá asẹ́ náà ti ya? Ó di dandan kẹ́ ẹ wo inú ògì. Àwọn dókítà láti ìlú méjèèjì sì jọ ń jókòó fẹnu kò lórí ẹni tí wọ́n máa pè ní aláìsàn, kí Ìbàdàn má bàa ní ìtumọ̀ tiẹ̀, kí Indianapolis náà má sì ní tiẹ̀.

Ní 2001, wọ́n tẹ àbájáde náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA. Àwọn àgbàlagbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, tí ọjọ́ orí gbogbo wọn tó 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn ò sì ní dementia níbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n tẹ̀ lé fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ní Ìbàdàn, dementia ń bẹ̀rẹ̀ lára ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Ní Indianapolis, ìdá 3.24 ni. Ká sọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn: nínú ẹgbẹ̀rún àgbàlagbà, nǹkan bíi 13 tàbí 14 lọ́dọ̀ wa, 32 lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ má tíì jó. Ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni pé, ṣé àìsàn ló dín ní Ìbàdàn ni, àbí òṣùwọ̀n ni kò rí àwọn aláìsàn ibẹ̀? Ìbéèrè validity gan-an nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gba àbájáde náà ni gbogbo làálàá tí mo ti ń kà bọ̀ láti òkè: asẹ́ kan náà fún ìlú méjèèjì, yíyẹ inú ògì wò, dókítà ìlú méjèèjì nídìí tábìlì kan. Tó bá jẹ́ MMSE nìkan ni wọ́n gbé lọ sí Ìdìkàn, bóyá ohun tí wọ́n máa tẹ̀ jáde ni pé ìdajì àwọn àgbà Ìbàdàn ti ń ṣarán.

Nígbà tí wọn ò ṣe irú làálàá yẹn

Ní 1917, Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, onímọ̀ saikọ́lọ́jì kan, Robert Yerkes, sì darí ìdánwò làákàyè fún àwọn ọmọ ogun tí iye wọn tó mílíọ̀nù 1.7. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà ni pé kí ni Crisco: ṣé oògùn ni, ṣé ohun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ni, ṣé ọṣẹ ìfọyín ni, àbí oúnjẹ? Ọ̀rá ìdáná ni. Kí ni ọmọ Ítálì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi fẹ́ mọ̀ nípa Crisco?

Ní 1923, Carl Brigham kọ ìwé lórí máàkì àwọn ọmọ ogun yìí. Ó rí i pé bí àjèjì bá ṣe pẹ́ tó ní Amẹ́ríkà ni máàkì rẹ̀ ń lọ sókè, débi pé àwọn tó ti lo 20 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba iye tí àwọn ọmọ ìlú ń gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Brigham kò rí i, tàbí kò fẹ́ rí i. Ohun tó kọ ni pé làákàyè àwọn tó ń wọlé wá nísinsìnyí kò tó ti àwọn tó wá láyé àtijọ́. Ìwé yẹn sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń wá ẹ̀rí láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì. Ní 1930, ó jáde sí gbangba, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin tó dín àjèjì kù ti jáde láti 1924.

"Ọpọlọ mi ti rẹ̀"

Ẹ wá jẹ́ ká wo irú mìíràn, níbi tí kì í ṣe òṣùwọ̀n nìkan la ń bi léèrè, àmọ́ tá a tún ń bi ohun tí wọ́n ń wọ̀n fúnra rẹ̀ léèrè bóyá ó tiẹ̀ wà.

Ní 1960, dókítà ọpọlọ ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ní òun rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orí á máa ta wọ́n, tàbí kó máa ṣe wọ́n bíi pé nǹkan ń rìn nínú ẹ̀. Ojú á máa ṣú. Wọ́n á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì ní wọlé. Brain fag ni wọ́n pè é, ó sì ṣe ìwé ìbéèrè tí wọ́n lè fi dá a mọ̀. Látìgbà náà, ìwé lórí ìwé ni wọ́n kọ lórí ẹ̀. Ní 1994, ó wọ inú DSM-IV, ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to àìsàn, gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó jẹ́ ti apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí DSM-5 fi máa jáde ní 2013, wọ́n ti yọ ọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó wádìí ìtàn rí i pé ọ̀rọ̀ náà "brain fag" kì í ṣe tiwa rárá. Àwọn ará Bìrìtìkó ti ń lò ó fún ọpọlọ tó rẹ̀ láyé Ọbabìnrin Victoria. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù: ọ̀pọ̀ lára àwọn tí ìwé ìbéèrè náà mú, tí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, wọ́n máa ń rí ìsoríkọ́ tàbí àníyàn tó ti kọjá ààlà lára wọn. Tí òṣùwọ̀n tuntun bá ń mú àwọn tí òṣùwọ̀n àtijọ́ ti ń mú, kí ló fi hàn pé ohun tuntun ló ń wọ̀n? Èrò tèmi ni pé kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń parọ́. Ara ń ni wọ́n, ìdánwò ń bọ̀, gbogbo ẹbí sì ń wojú wọn. Orúkọ tí wọ́n so mọ́ ìnira náà ni kò dúró.

Súìtì kan nísinsìnyí, àbí méjì tó bá yá?

Ẹ ti gbọ́ nípa ìdánwò marshmallow. Walter Mischel bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960. Wọ́n á gbé nǹkan dídùn kan síwájú ọmọ kékeré: tó bá dúró títí àgbà náà á fi padà dé, á gba méjì. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn tó dúró pẹ́ ṣe dáadáa jù nílé ìwé nígbà tí wọ́n dàgbà. Ibí yìí ni gbogbo oníwàásù àti olùkọ́ bí a ṣe ń lówó ti gbé e: "Ẹ kọ́ ọmọ yín ní sùúrù, á lówó!"

Donald Campbell ló fún wa ní orúkọ méjì ní 1957 tá a lè fi wo irú ọ̀rọ̀ yìí. Internal validity: ṣé ohun tẹ́ ẹ ní ó fa nǹkan yìí ló fà á lóòótọ́, àbí nǹkan mìíràn fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀? External validity: ṣé ohun tẹ́ ẹ rí lára àwọn wọ̀nyí máa rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn mìíràn?

Lórí ti àkọ́kọ́, ní 2018, Tyler Watts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wò lára àwọn ọmọ tó lé ní 900. Àsopọ̀ tó wà láàárín sùúrù àti ìwé mímọ̀ kò ju ìdajì ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n sì yanjú ọ̀rọ̀ ilé tí ọmọ ti wá àti bí òye rẹ̀ ṣe wà láti kékeré, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyẹn náà pòórá. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2013, Celeste Kidd àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe nǹkan kan tó wù mí púpọ̀. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, àgbà kan ṣèlérí nǹkan fáwọn ọmọ. Ó mú ìlérí ṣẹ fún àwọn kan, ó já àwọn yòókù kulẹ̀. Àwọn tó mú ìlérí ṣẹ fún dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Àwọn tó já kulẹ̀ dúró fún nǹkan bíi mẹ́ta péré. Sùúrù kọ́ ni ìdánwò náà ń wọ̀n níbẹ̀ yẹn, ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ẹni tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé iná máa dé lálẹ́ yìí, ṣé ẹ máa bá a wí tó bá jẹ tiẹ̀ kíákíá?

Ti ìkejì ńkọ́? Ọmọ inú ọgbà Stanford ni àwọn ọmọ àkọ́kọ́. Bettina Lamm àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé e lọ bá àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin láàárín àwọn àgbẹ̀ Nso ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ọmọ Jámánì. Wọ́n fi ọgbọ́n ṣe é: wọn ò gbé súìtì òyìnbó wá fún àwọn ọmọ Nso, puff-puff ni wọ́n gbé síwájú wọn. Nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nso ló dúró títí dópin. Ti Jámánì kò tó 30. Àwọn ọmọ Nso kan tiẹ̀ sùn lọ nídìí puff-puff! Tó bá jẹ́ pé ìwé Stanford nìkan lẹ kà, ẹ máa rò pé gbogbo ọmọ ayé ló ń janpata níwájú súìtì.

Ìbéèrè mẹ́sàn-án orí fóònù yín

Èyí tó kan ọ̀pọ̀ nínú yín jù ló kù. Ìdánwò kan wà tó ń kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè mẹ́sàn-án, tẹ́ ẹ máa fi òdo sí mẹ́ta dáhùn: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé oorun ń dà yín láàmú, ṣé nǹkan kì í wù yín ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. PHQ-9 ni. Òṣùwọ̀n ìsoríkọ́ gidi ni, kì í ṣe eré orí Facebook. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Ṣé ó wá ń ṣiṣẹ́ níbí?

Ní 2006, Abiodun Adewuya àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìdáhùn kan jáde. Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 ní Nàìjíríà ní ìbéèrè náà, wọ́n sì tún fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìṣègùn yẹ̀ wọ́n wò láti mọ àwọn tó ní àìsàn náà lóòótọ́. Ìyẹn ni yíyá kọ́ńgò aládùúgbò tá a sọ lókè. Criterion validity ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá fi 10 ṣe ilà fún ìsoríkọ́ tó le, ó ń mú nǹkan bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in lóòótọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ̀sùn èké kan ẹnikẹ́ni lára àwọn tí kò ní in. Ìyẹn dára gan-an.

Síbẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn owó náà. Nítorí pé àwọn tó ní ìsoríkọ́ tó le kò pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, nínú ẹni mẹ́rin tí ìdánwò náà nawọ́ sí, ẹnì kan kò ní in. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gba 10 lórí fóònù kò fi gbọ́dọ̀ sọ fún ara ẹ̀ pé "mo ti lárùn ọpọlọ." Ohun tí 10 túmọ̀ sí ni pé kó lọ rí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹni tó bá sì dáhùn ju òdo lọ sí ìbéèrè kẹsàn-án, tó dá lórí èrò ikú tàbí pípa ara ẹni lára, kó má ka máàkì kankan mọ́, kó lọ bá dókítà tàbí àgbà tó fọkàn tán lónìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ni àwọn 512 yẹn o. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ̀wé kà. Ìyá yín tó ń ta ẹ̀fọ́, tó jẹ́ pé nígbà tí ọkàn ẹ̀ bá gbọgbẹ́, ohun tó máa sọ ni pé orí ń gbóná, pé ara òun wúwo, pé oorun ò kun òun lójú mọ́, kò sí nínú iye yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìbéèrè mẹ́sàn-án náà bi í, ẹ máa ní láti túmọ̀ ẹ̀ wá, kẹ́ ẹ tún un túmọ̀ padà, kẹ́ ẹ sì kó àwọn ìyá bíi tiẹ̀ jọ, kẹ́ ẹ fi ohun tó sọ wé ohun tí dókítà rí. Látìbẹ̀rẹ̀.